C méjọ̀ ò dún lọ́wọ́ mi, ẹ gbà mí o

OmoBodija
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, kọ́ọ̀dù C méjọ̀, ìyẹn àwọn ohùn tí à ń gbá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti fojú mi rí màbo. Gìtá onígi ni mò ń lò, èyí tí kò nílò iná, ẹ̀gbọ́n mi ló fi sílẹ̀ fún mi kó tó lọ sí Kánádà, okùn onírin ló wà lórí ẹ̀. E minor ń dún, A minor náà ń gbìyànjú, àmọ́ tí mo bá ti ní kí n mú C báyìí, ṣe ló ń ró bí ẹni ń gbá páálí. Mo sì gbé ìka síbi tí wọ́n ní kí n gbé e sí o: ìka òrùka lórí okùn 5 ní fírẹ́ẹ̀tì 3, ìka àárín lórí okùn 4 ní fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka ìlábẹ̀ lórí okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 1. Okùn 1 ni mo pe èyí tó tín-ín-rín jù, fírẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá, kẹ́nikẹ́ni má baà ní mo kà á sódì. Orí ìka ń ro mí, kọ́ọ̀dù ò dún. Ẹni tó ń lu gìtá ní sọ́ọ̀ṣì wa sì ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ojú mi ni kúáyà ń wò báyìí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

BasiMan_Ilorin
Ṣé o ti túùnù ẹ̀? Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè torí ọ̀pọ̀ ló ń bú ìka nígbà tó jẹ́ okùn ló ti dẹ̀. Láti orí èyí tó nípọn jù: E, A, D, G, B, E. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá ti yẹ̀ níbẹ̀, C ò lè jọ C, kódà kó jẹ́ Sunny Adé fúnra ẹ̀ ló mú un dání.

OmoBodija
Mo fi áàpù orí fóònù túùnù ẹ̀ sà. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ kì í dúró sójú kan, á lọ sọ́tùn-ún á tún sáré lọ sósì, mo kàn máa ń fi í sílẹ̀ níbi tó bá ti sún mọ́ àárín.

IyaIbeji_Sagamu
Ṣé jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́ nítòsí nígbà tó ò ń túùnù ẹ̀? Máíìkì fóònù ni áàpù yẹn fi ń gbọ́ràn, gbogbo ariwo tó bá wà láyìíká ló ń gbọ́, ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà wà níbẹ̀, àní fáànù pàápàá. Ra túnà kékeré tí wọ́n máa ń fi há orí gìtá, ìyẹn ò bá ariwo ilé ṣe, gbígbọ̀n tí igi ń gbọ̀n ló ń kà, a máa ń túùnù pẹ̀lú ẹ̀ nígbà tí onílù ń lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Tówó ẹ̀ ò bá tíì sí, wọ yàrá, pa fèrèsé dé, gbé fóònù sún mọ́ ihò gìtá, máa ta okùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó o fọwọ́ bo àwọn yòókù. Ohun kan tún wà. Tí okùn bá ga jù, má kàn dẹ̀ ẹ́ débi tó yẹ kó o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kó o wá fà á padà sókè. Èyí tí wọ́n fà sókè ló ń dúró, èyí tí wọ́n dẹ̀ dúró máa ń tún yọ̀ tó o bá ti lù ú díẹ̀.

KiboduKing
Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ẹ́ jàre, kọ́ọ̀dù tó rọrùn jù láyé ni C. Dò, mí, sò. C ni dò, E ni mí, G ni sò. Ohun tí àwọn àgbà kúáyà ń ka nínú ìwé sófà lójoojúmọ́ náà ni. Méjọ̀ èyíkéyìí tó o bá rí, dò mí sò ẹ̀ náà ni. Fi ìka síbi tó yẹ kó o gbá gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó dún gbọnmọ, ó parí.

BasiMan_Ilorin
@KiboduKing ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ sílé kíbọ́ọ̀dù. Okùn 6 ò sí nínú C o. Márùn-ún péré là ń gbá.

TisaGita
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ibi tẹ́ ẹ ti gbà á. Okùn 6 tí èèyàn ò tẹ̀, E ni, E sì ni mí inú C, torí náà kì í ṣe ohùn àjèjì. Ohun tó fà á tá ò fi ń gbá a ni pé ohùn tó wà nísàlẹ̀ jù ni etí fi ń dá kọ́ọ̀dù mọ̀, tí E bá wà nísàlẹ̀, C á dún bíi pé kò tíì jókòó. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni pé kórí ìka òrùka tó wà lórí okùn 5 ráyè kan ẹ̀gbẹ́ okùn 6 fẹ́rẹ́, kò ní tẹ̀ ẹ́ o, á kàn kàn án. Okùn 6 á dákẹ́, wà á lè máa gbá ọwọ́ ẹ wálẹ̀ láìbẹ̀rù.

OmoBodija, má tíì gbá okùn pọ̀ rárá. Mú C yẹn, kó o máa ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti 5 dé 1, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó o wá sọ ohun tó o gbọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa. Okùn 5 yẹ kó fún ẹ ní C, okùn 4 E, okùn 3 G, okùn 2 C tó ga, okùn 1 E tó ga. Nínú márààrún, mẹ́ta péré lò ń tẹ̀, 3 àti 1 ń dá dún fúnra wọn. Tá a bá mọ èyí tó kú, a ó mọ ìka tó pa á.

OmoBodija
Mo ti ṣe é sà, mo wọ yàrá, mo sì tún un túùnù bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ, abẹ́rẹ́ dúró lóòótọ́, ẹ ṣé mà.
Okùn 5: ó dún kedere.
Okùn 4: ó dún àmọ́ ó ń ṣe zzzzz.
Okùn 3: ó kú pátápátá, gbì.
Okùn 2: àfi kí n fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́ títí ìka á fi funfun kó tó dún.
Okùn 1: òun náà kú.

TisaGita
Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti ń yanjú. Okùn 4 tó ń ṣe zzzzz, ìka àárín ẹ jìnnà sí irin fírẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Fírẹ́ẹ̀tì 2 tí a ń wí, kì í ṣe àárín méjèèjì ni wàá tẹ̀, sún ìka náà síwájú lápá ihò gìtá títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, àmọ́ má gun orí irin. Níbẹ̀, ìwọ̀nba agbára díẹ̀ ló fẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn á lo agbára ìlọ́po, okùn á sì tún máa ké bákan náà.

Okùn 3 tó kú, ìka àárín kan náà ló ń ṣe é. Ó dùbúlẹ̀. Ẹran ìka ẹ tó wà nísàlẹ̀ ló ń fara kan okùn 3. Okùn 1 náà, ìka ìlábẹ̀ ló sùn lé e. Ohun tó yẹ ni kí ìka dúró lórí okùn lóòró, kí gbogbo oríkèé tẹ̀ síta, orí ìka gangan ló máa kan okùn, kì í ṣe ibi tá a fi ń tẹ fóònù. Láti ṣe ìyẹn, wo àtàǹpàkò ẹ: kó wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, ní nǹkan bí ọ̀kánkán ìka àárín, kí àtẹ́lẹwọ́ má kan igi rárá. Gbé ọrùn ọwọ́ síwájú díẹ̀. Wàá rí i pé ìka fúnra wọn á nàró.

Ìka wo lo kọ́kọ́ ń gbé lé e? Tó bá jẹ́ ìlábẹ̀, yí i padà. Ìka òrùka ló jìnnà jù, òun sì ni ohùn ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni kó kọ́kọ́ dé, kí àárín tẹ̀lé e, kí ìlábẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìlábẹ̀ lé e, ìka òrùka á máa nà títí, òun ló sì ń jẹ́ kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀.

Funmi_L
Èmi ò gbà pẹ̀lú ìka òrùka lákọ̀ọ́kọ́ yẹn o. Ìlábẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ, òun ló sì rọrùn fún mi torí tí n bá ń lọ láti C sí A minor, ìlábẹ̀ àti àárín ò kúrò lójú kan, òrùka nìkan ló ń gbéra lórí okùn 5 lọ sórí okùn 3 ní fírẹ́ẹ̀tì 2. Tí ìlábẹ̀ bá ti di èèkàn fún ẹ, ìdajì iṣẹ́ ti tán.

TisaGita
Ìyẹn nígbà tó o bá ti wà nínú orin nìyẹn, àmọ́ òun ṣì ń wá bí C ṣe máa dún. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ C sí A minor yẹn, òótọ́ gidi ni, OmoBodija, kọ ọ́ sílẹ̀.

PeckhamLomoWa
Ẹ fojú sí okùn 2 o. Gbogbo ohun tí Tísà sọ dáa, àmọ́ okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 1 tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ń funfun, ẹ̀ṣẹ̀ ìka kọ́ nìyẹn, gìtá ni. Nut ẹ̀ ga. Egungun funfun tóóró tó wà lórí ọrùn gìtá, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba inú ihò ẹ̀ kọjá lọ síbi èèkàn tí a fi ń túùnù, òun ni mò ń wí. Ọ̀pọ̀ gìtá tí owó ẹ̀ kò wọ́n, bí wọ́n ṣe gbé e kúrò ní ilé iṣẹ́, ihò wọn kì í jìn tó, okùn á wà lókè téńté, àwọn kọ́ọ̀dù tó wà ní fírẹ́ẹ̀tì 1 ló ń jìyà ẹ̀: C, F, àwọn yẹn. E minor tiẹ̀ ń dún torí fírẹ́ẹ̀tì 2 ni gbogbo ìka ẹ̀ wà!

Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: fi ìka kan tẹ okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 3, má fọwọ́ kan ibòmíì, kó o wá wo àárín okùn àti irin fírẹ́ẹ̀tì 1. Àyè tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò ju kí bébà kan gbabẹ̀ kọjá lọ. Tó bá jẹ́ pé káàdì báǹkì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọbẹ̀, gìtá ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Tó o bá rí capo yá, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, fi sí fírẹ́ẹ̀tì 2 kó o mú C níwájú ẹ̀. Tó bá wá rọrùn lójijì, ẹjọ́ ti tán.

TisaGita
Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tún ìka ṣe ná. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tí kò ní sọ pé gìtá òun ló burú. Mo ti rí èyí tó lọ ra gìtá olówó ńlá, ìka ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

PeckhamLomoWa
Mo gbà, àmọ́ ìdánwò ò gba owó.

Agba_Juju
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀kọ́ yín ti pọ̀ jù. Nígbà tí àwa ń kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó ń jẹ́ C, ọ̀gá á ní fi ìka síbí, fi èyí sọ́hùn-ún, máa ta á, tí o bá ṣì í á fi ojú kan wò ọ́, o ti mọ ara ẹ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó wá mọ orúkọ wọn. Àtàǹpàkò tí ẹ ní kó wà lẹ́yìn yẹn, tàwa máa ń yọ lókè ọrùn gìtá, òun la fi ń tẹ okùn tó nípọn. Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́? Ìka méjì péré, àtàǹpàkò ń sọ ti bàsì, ìlábẹ̀ ń dá a lóhùn lórí àwọn okùn tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń lu gìtá orin ẹlẹ́mu (palmwine) ń ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé.

Àti pé ta ló sọ pé odindi C lèèyàn gbọ́dọ̀ mú? Ẹ lọ fetí sí jùjú dáadáa. Gìtá mẹ́ta mẹ́rin lè wà lórí pèpéle, ẹ ò ní rí èyí tó ń gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbàgbàgbà. Ọ̀kan á mú okùn méjì, èkejì á fi mẹ́ta dáhùn, nígbà tí ẹ bá kó o pọ̀ ni ẹ máa gbọ́ kọ́ọ̀dù. Ọmọ Bódìjà, fi ìlábẹ̀ nìkan tẹ okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 1, ta okùn 3, 2, 1 nìkan. G, C, E. C nìyẹn, kò sí ohun tó kù nínú ẹ̀. Máa fi ìyẹn sin kúáyà ní Sunday, máa kọ́ odindi ẹ̀ nílé.

OmoBodija
Bàbá mo dọ̀bálẹ̀ o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán ti okùn mẹ́ta yẹn wò, ó dún! Àwọn ará ilé wá wo ojú mi.

TisaGita
Bàbá ẹ kú iṣẹ́. C kékeré yẹn, èmi náà fi ń kọ́ àwọn ọmọdé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò, ẹ jọ̀ọ́ sà, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ C, tí àtàǹpàkò bá ti yọ lókè, àtẹ́lẹwọ́ á lẹ̀ mọ́ igi, ìka á sì dùbúlẹ̀, ohun tó ń pa okùn 3 àti 1 ẹ̀ gan-an nìyẹn. Tó bá ti mọwọ́ tán, kó yọ ọ́ síbi tó wù ú.

Agba_Juju
Ọwọ́ mi ò dùbúlẹ̀ rí, àtàǹpàkò mi ò sì kúrò lókè rí.

BasiMan_Ilorin
Bàbá, ọwọ́ yín tóbi ni o. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọwọ́ àti fífẹ̀ ọrùn gìtá ló wà níbẹ̀. Gìtá olókùn ọ̀rá, ọrùn ẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ kékeré ò lè yọ àtàǹpàkò níbẹ̀ kó tún mú C. Lórí gìtá oníná tí ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín, ó ṣeé ṣe.

Èmi fẹ́ sọ nǹkan míì. Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń fi C bẹ̀rẹ̀? Tó bá jẹ́ èmi, E méjọ̀ ni màá kọ́kọ́ fún ẹ. O ti mọ E minor: okùn 5 àti 4 ní fírẹ́ẹ̀tì 2. Fi ìlábẹ̀ kún un lórí okùn 3 ní fírẹ́ẹ̀tì 1, E méjọ̀ dé. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń dún, kò sí èyí tó o máa sá fún. Wá máa gbé ìlábẹ̀ yẹn sókè, máa tún un gbé sílẹ̀, nígbà tó bá wà nílẹ̀ orin á là, tó o bá gbé e kúrò orin á fajú ro. Ìka kan ṣoṣo ló wà láàárín méjọ̀ àti minor, mí ló sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, ìyẹn fírẹ́ẹ̀tì kan, dò àti sò ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Etí ẹ á kọ́ nǹkan níbẹ̀ tí ìwé ò lè sọ fún ẹ.

Adunni_Fabulous
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lù yín. Mo fẹ́ kọ́ gìtá, àmọ́ mo máa ń lẹ èékánná. Ṣé kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá sí i?

IyaIbeji_Sagamu
Kò sí. Ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ kúrú wálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èékánná ló máa kan igi kí ẹran ìka tó kan okùn. Ti ọwọ́ ọ̀tún lè dúró, ó tiẹ̀ dáa fún títa okùn.

Adunni_Fabulous
Kí n wá ní èékánná lọ́wọ́ kan, kí èkejì kúrú?

IyaIbeji_Sagamu
Àwọn tó ń lu kílásíkà, ọkùnrin wọn obìnrin wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ wọn ṣe rí. Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ ṣe é.

Jagunmolu
@OmoBodija ìka tó ń ro ẹ́ yẹn, máa kì í bọ kẹrosíìnì lálaalẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ti gan. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn.

IyaIbeji_Sagamu
Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kẹrosíìnì á jẹ awọ ara ni, á gbẹ ẹ́, á sì là á, tí okùn irin bá wá kan ojú ibi tó là ńkọ́? Ìka á gan fúnra ẹ̀. Máa lù ú lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o sinmi, kó o tún padà sí i lálẹ́, ó sàn ju kéèyàn jókòó tì í ní wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ orí ìka á ti le. Má sì lù ú nígbà tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tàbí aṣọ tán, omi ti mú awọ rọ̀, okùn á gé e wọlé. Èmi kì í fọwọ́ kan gìtá mi tí n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìdáná.

Olowo_Osi
Ọwọ́ òsì lèmi ń lò. Ṣé kí n yí gìtá sódì ni?

TisaGita
Má yí i. Lórí gìtá tó wà lọ́jà, ọwọ́ òsì ló ń ṣe iṣẹ́ títẹ̀ tó le jù, o tiẹ̀ láǹfààní. Tó bá wù ẹ́ láti lu ti òsì gangan, wá èyí tí wọ́n ṣe fún un, torí yíyí lásán á gbé okùn tó nípọn lọ sísàlẹ̀, gbogbo àwòrán kọ́ọ̀dù tó o bá rí á di ìdojúdé.

Funmi_L
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lù ú, ìyá wa á máa pariwo pé kó fi ọwọ́ ọ̀tún ta á, ṣé àlejò ló ń fi òsì kí ni. Ó ń lù ú dáadáa o.

OmoBodija
Mo ti padà dé. Mo yá capo lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní UI. Ẹ ẹ̀ ní gbà gbọ́. Mo fi sí fírẹ́ẹ̀tì 2, mo gbé òrùka lé e kọ́kọ́ bí Tísà ṣe sọ, mo gbé oríkèé dìde, okùn márààrún dún! Mo wá yọ capo, mo tún mú un, okùn 5, 4, 3 àti 1 ń dún báyìí, okùn 2 ṣì le bí òkúta. Mo sì wo àyè tí ẹ̀gbọ́n Peckham ní kí n wò, káàdì báǹkì ò wọbẹ̀ tán, àmọ́ ó kù díẹ̀.

PeckhamLomoWa
Ìka ti ṣe tiẹ̀, ó wá ku ti nut. Gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa gìtá kó fi fáìlì tóóró jin ihò náà sí i. Má ṣe é fúnra ẹ, ẹni tó bá fá a jù, okùn á jókòó sórí irin, á máa ké títí ayé, nut tuntun ló kù. Bá wọn wo ẹ̀yìn ọrùn náà bóyá ó ti tẹ̀, kí wọ́n sì wọn gíga okùn ní fírẹ́ẹ̀tì 12, tó bá wà láàárín 2 sí 3 mìlímítà ó dáa. Béèrè okùn 10 (nọ́ńbà bó ṣe nípọn tó nìyẹn) tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ okùn, ọ̀pọ̀ gìtá onígi ló ń bá 12 wá, 10 rọ̀ lọ́wọ́ jù ú lọ.

Kó o tó rówó ṣe é, ọgbọ́n kan rèé: dẹ gbogbo okùn sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, kó o wá fi capo sí fírẹ́ẹ̀tì 1. Ohùn á padà sí bó ṣe yẹ, capo sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nut.

Jagunmolu
Ṣé kò ní dáa kó kúkú yọ okùn irin kó fi ọ̀rá sí i?

PeckhamLomoWa
Rárá o. Gìtá tí wọ́n ṣe fún irin, ọ̀rá ò ní fà á tó, ohùn ẹ̀ á kéré. Èyí tó burú jù ni òdìkejì ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi irin sórí gìtá olókùn ọ̀rá, á fa bíríìjì, igi tí ìdí okùn so mọ́, ya. Má sì gbé e sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án, ooru ń yọ gọ́ọ̀mù. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, igi á gbẹ, á sún kì, ẹ̀gbẹ́ irin fírẹ́ẹ̀tì á wá máa gé yín lọ́wọ́, hítà ń ṣe irú ẹ̀ fún wa níbí nígbà òtútù.

KiboduKing
OmoBodija, kíì wo lẹ fi ń kọrin ní sọ́ọ̀ṣì yín?

OmoBodija
F sharp ni kíbọ́ọ̀dù wa ń lù, kò kúrò níbẹ̀.

KiboduKing
Mo mọ̀ 😂 gbogbo wa náà ni. Àwọn bọ́tìnnì dúdú orí kíbọ́ọ̀dù rọ̀ wá lọ́wọ́.

BasiMan_Ilorin
Capo ní fírẹ́ẹ̀tì 2, kó o mú E níwájú ẹ̀, F sharp nìyẹn.

Funmi_L
Òótọ́ ni, àmọ́ tó bá di wan fọ faifu, ìyẹn kọ́ọ̀dù kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún inú kíì, ńkọ́? Faifu ibẹ̀ á di B, B sì le fún un. Capo sí fírẹ́ẹ̀tì 4, kó o máa lo D, G, A. D á jẹ́ F sharp, G á jẹ́ B, A á jẹ́ C sharp. Kò sí èyí tó le nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. D: okùn 3 àti 1 ní fírẹ́ẹ̀tì 2, okùn 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 3, bẹ̀rẹ̀ láti okùn 4. A: okùn 4, 3, 2 ní fírẹ́ẹ̀tì 2.

BasiMan_Ilorin
Ó gba ìyẹn. Tèmi ti wọ́lẹ̀.

OmoBodija
Ẹ ṣé gan-an mà. Kí C mi má baà sùn ńkọ́, kí ni mo máa fi kún un nílé? F ni wọ́n ní ó tẹ̀lé e, mo wo fídíò ẹ̀, mo pa fóònù.

Funmi_L
Má lọ sí F ńlá yẹn. Mú C, gbé òrùka láti okùn 5 lọ sí 4, gbé àárín láti okùn 4 lọ sí 3, fírẹ́ẹ̀tì wọn ò yí padà, ìlábẹ̀ dúró síbi tó wà. Ta okùn 4 dé 1. F dé.

TisaGita
F kọ́ nìyẹn o, okùn 1 tó ṣófo ti fi E kún un. Ó dùn, àmọ́ nínú orin ìyìn tó ń lọ kíá, akọrin á gbọ́ pé nǹkan kan wọ̀ ọ́ lára. Tẹ ìlábẹ̀ bálẹ̀ kó bo okùn 2 àti 1 papọ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì 1, F gidi nìyẹn, okùn mẹ́rin.

Funmi_L
Pẹ̀lú nut tó ga yẹn? Kó tẹ okùn méjì pọ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì 1? Ẹ ṣàánú ọmọ yìí.

TisaGita
Ó dáa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá nut.

KiboduKing
Ohun tó kù tí ẹ ò sọ fún un: wòlíì lè gbé kíì sókè lójijì láàárín orin.

Funmi_L
Tó bá gbé e sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, kó sún capo lọ sí 5, G nìyẹn, ìka ò yí padà. Kó ṣáà yára sún un, kó sì tẹtí sí okùn 1, capo tí wọ́n sáré gbé lé e máa ń fà á kúrò ní túùnù.